Ẹja Tí Ọkọ Mi Fún Ní Oríkì

Òórùn omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára rẹ̀. Kì í ṣe omi òkun o. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Dubai mọ òórùn òkun, iyọ̀ àti epo ọkọ̀ ojú omi ló máa ń rùn. Èyí yàtọ̀. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀, bí koríko tútù, bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa, pẹ̀lú kọfí àwọn Lárúbáwá tó ń ta sánsán láàárín ẹ̀. Nínú ilé wa ní Silicon Oasis, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń rùn bí ẹ̀rọ amúlétutù, òórùn bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé kí ìyàwó ilé má mọ̀. Obìnrin mìíràn, lọ́fíńdà ni yóò gbọ́ lára aṣọ ọkọ rẹ̀, yóò sì mọ ẹni tí òun máa lọ bá jà. Èmi, adágún omi ni mo gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ta ni kí n lọ bá jà?

Jẹ́ kí n sọ bí Sátidé ṣe rí kí ẹja tó dé. Èmi wà ní báǹkì nígbà náà, òun wà nídìí kọ̀ǹpútà, Mọ́ńdè sí Fráídè kò sí ẹni tó ń rí ojú ẹnì kejì dáadáa. Sọ́ńdè, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Sátidé nìkan ni tiwa. A máa ń lọ sí Satwa láàárọ̀, lọ́dọ̀ télọ̀ kan tí kì í rán apá aṣọ bí a ṣe sọ fún un, a ó bá a jà, a ó tún kó aṣọ mìíràn fún un. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí Sharjah, a ó máa rìn lẹ́bàá omi ọ̀sà wọn, a ó jẹ búrẹ́dì gbígbóná, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn láìdára. Kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì, ilé ti dákẹ́, ìrìn ẹsẹ̀ yẹn ló kù tí mo fi ń mọ̀ pé mo lọ́kọ, pé kì í ṣe ayálégbé ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń bá gbé.

Ọ̀gá òyìnbó kan ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ará Scotland, ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́ ọkọ mi. Ó fẹ̀yìn tì, ó ń padà sílé, ló bá fún ọkọ mi ní ọ̀pá ìpẹja rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá fún un ní aago. Ó sì mú un lọ sí adágún kan nínú oko bàbá àgbàlagbà ará Sharjah kan, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún, níbi tí ràkúnmí ti ń kọjá lójú títì bí ẹni tó ni ìlú. Bàbá yìí gbẹ́ adágún sáàárín igi dàbínù, ó ń fi ẹ̀rọ mú omi rẹ̀ tutù, bí ìgbà òtútù bá sì dé, yóò da ẹja sí i, ẹja kan tí wọ́n ń pè ní tíráótì. Ẹja ilẹ̀ olótùútù ni. Ara rẹ̀ ní àmì wínníwínní bí ti ẹyẹ awó, ìlà kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ sì gba ìhà rẹ̀ kọjá. Àwọn tó bá sanwó yóò dúró sí bèbè, wọ́n á máa fi ìwọ̀ wá a. Kò sí ekòló, kò sí ìjẹ kankan. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀, kó lè dà bí eṣinṣin tó bọ́ sómi.

Ìgbà tí ọkọ mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo rò pé ara rẹ̀ ò yá.

"Ẹ mú ẹja," mo ní, "ẹ wá ṣe kí ni pẹ̀lú ẹ̀?"

"A máa dá a padà sómi."

"Ẹja tẹ́ ẹ mú?"

"Mọ́mì, eré ìdárayá ni."

Mo ní láti dúró níbí kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ọ. Èmi àti ẹ̀ jọ ka ìwé ni, "o" ni mo máa ń bá a sọ láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Ìgbà tí inú bá ń bí mi nìkan ni mo máa ń lo "ẹ". Tó bá ti gbọ́ "ẹ̀yin" lẹ́nu mi, ó ti mọ̀ pé kò sí oúnjẹ gidi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ìgbà òtútù tí mò ń sọ yìí, ọ̀wọ̀ tí mo fún ọkọ mi, ìyá rẹ̀ gan-an kò rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Sátidé kan, méjì, ó di gbogbo Sátidé. Kí oòrùn tó yọ, ó ti lọ. Bó bá dé, yóò jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, yóò tan iná kékeré kan, yóò máa fi òwú di eṣinṣin pẹ̀lú ojú tó ti di kóńkó lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Ẹran wà láyà tèmi dáadáa, ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn eṣinṣin yẹn bí ìyáálé ṣe ń wo ẹrù ìyàwó tuntun tí wọ́n ń gbé wọlé.

Níjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ tó ní lẹ́bàá adágún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkùnrin gíga kan ará Kẹ́ńyà. Ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ló bá ní Àṣàkẹ́ tún jáde lónìí, pé Àṣàkẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ òun, ó wo òun, ó sì yí padà. Mo gbé abọ́ tí mò ń fọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin," mo ní, "ta ni Àṣàkẹ́?"

Ó na fóònù sí mi. Àwòrán omi ni. Nínú omi náà, òjìji kan wà, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka.

"Òun ló tóbi jù nínú adágún yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì mú un. Ọlọ́gbọ́n ẹja ni, Mọ́mì. Ó mọ ìwọ̀ yàtọ̀ sí eṣinṣin."

Tó bá jẹ́ pé Júlíéètì ló sọ ẹja náà, tàbí Súsàn, n kò ní bínú. Òyìnbó a máa fún ajá lórúkọ, a máa fún ọkọ̀ ojú omi lórúkọ. Ṣùgbọ́n oríkì! Oríkì kì í ṣe orúkọ tí à ń jù káàkiri. Àbẹ̀kẹ́ ni tèmi. Ìyá bàbá mi ló fún mi. Nígbà tí ọkọ mi ń fẹ́ mi, tó bá ti ní "Àbẹ̀kẹ́" lẹ́yìn fèrèsé họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, gbogbo ìwé tí mo kà á tú ká lórí mi. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo di Mọ́mì. Àwọn ọmọ lọ, mo ṣì jẹ́ Mọ́mì. Àfi bí mo ṣe wá gbọ́ pé oríkì kò tán lẹ́nu rẹ̀ o, pé ẹja ló ń fi kì.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni mo gbé wíìgì mi sókè, èyí tó ní àwọ̀ wáìnì, tí mo máa ń dé lọ sí òde pàtàkì. Ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ti pá. Ẹnì kan ti fi sáàsì gé e.

"Àwọ̀ rẹ̀ ni," ni ọkọ mi wí, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n béèrè tán. "Tí oòrùn bá kàn án nínú omi, kò sí ìyẹ́ tó dà bí ẹ̀. Díẹ̀ ni mo mú."

"Ẹ ṣeun púpọ̀ o," mo dáhùn. "Ẹ bá mi kí Àṣàkẹ́. Ẹ ní mo ní irun mi á yẹ ẹ́."

Báyìí ni ìgbà òtútù ń lọ sópin. Bí ooru bá dé, kò sí ẹ̀rọ tó lè mú adágún yẹn tutù mọ́, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nítorí náà, ní Sátidé tó kẹ́yìn, bàbá olóko máa ń fún àwọn èèyàn láyè láti mú ẹja kọ̀ọ̀kan lọ sílé. Ọjọ́ yẹn nìkan. Bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ tán ni mo ní, "Mò ń bá yín lọ." Inú rẹ̀ dùn, kò mọ ohun tó wà nínú mi. Mo fẹ́ rí orogún mi nínú ìkòkò ni. Mo wá ẹ̀fírín kiri títí mo fi rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Sharjah, mo lọ ata, mo gbé kúlà, mo gbé ìkòkò gan-an sínú bùútù ọkọ̀. Mo kun ojú. Mo dé wíìgì aláwọ̀ wáìnì yẹn, mo fi síkáàfù bo ibi tó pá. Ẹni tó ń lọ bá orogún rẹ̀ lálejò kì í wọ aṣọ ilé.

Bàbá olóko pàdé wa lẹ́nu géètì tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, jalabíà rẹ̀ funfun báláú, ife kọfí kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìkòkò mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí omi, ó sì rán gbogbo wa létí òfin rẹ̀: ẹja kan fún ẹnì kan, orí bèbè ni kí oníkálukú dúró sí, torí ẹni tó bá wọ omi ń dẹ́rù ba ẹja fún gbogbo èèyàn. "Ẹni tó bá wọ omi," ó ní, "khalas. Tiẹ̀ ti parí fún ọdún yìí, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò ti máa wòran."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ọkọ mi nínú kóòtù àti táì, mo ti rí i nínú agbádá, n kò rí i rí bí mo ṣe rí i lẹ́bàá omi yẹn. Ó gbé ọ̀pá sókè, okùn gùn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó dúró lófuurufú díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá padà síwájú, ó sì balẹ̀ lórí omi jẹ́ẹ́ bí ewé. Èjìká rẹ̀ rọ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọkùnrin tó máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé wa. Ojú tèmi ni, tí mo ti ń wá káàkiri ilé! Ibí ló ń gbé e wá gbogbo Sátidé.

Ará Kẹ́ńyà náà dé, ó kí mi ní "Mama", ó dúró sí ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Níbi òkè orílẹ̀-èdè tiwọn, ó ní, tíráótì pọ̀, láti kékeré lòun ti ń mú un. Ọkọ mi ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ eṣinṣin kan, ó fi ta á lọ́rẹ. N kò wo èyí tó jẹ́.

"Ẹ fún mi ní ọ̀pá kejì," mo sọ fún ọkọ mi. Mo ti sanwó tèmi lẹ́nu géètì, n kò wá wòran.

Ó kọ́ mi. "Gbé e lọ sẹ́yìn. Dúró. Tì í síwájú. Dídúró yẹn niṣẹ́ ẹ̀, Mọ́mì. Tó ò bá jẹ́ kó lọ tán lẹ́yìn, kò ní dé iwájú."

Dídúró ni n kò lè ṣe. Mo gbé ọ̀pá sẹ́yìn, mo sì fi gbogbo ohun tó ti ń dùn mí láti oṣù mélòó kan tì í síwájú. Mo gbọ́ fíìn létí mi. Nǹkan gbá orí mi mú, ó sì fi orí mi sílẹ̀. Nígbà tí mo máa lajú, wíìgì mi ń fò lọ lókè omi pẹ̀lú síkáàfù, bí àkùkọ tí wọ́n lé kúrò lágbo. Okùn tín-ín-rín yẹn já. Wíìgì balẹ̀ sórí adágún, ó tẹ́ rẹrẹ, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí àárín.

Bàbá olóko gbé kọfí rẹ̀ dúró lẹ́nu. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí mi. Ìwọ tí o jẹ́ obìnrin, o mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀: irun tí mo dì láti oṣù tó kọjá, tó ti hu, pẹ̀lú ewú tó to yíká iwájú orí mi, tí ẹnikẹ́ni kò rí rí lẹ́yìn ọkọ mi nínú yàrá.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àṣàkẹ́ yọ. Mo rí i fúnra mi. Iwájú ọkọ mi ló ti yọ, ó ṣí ẹnu, ó gbé nǹkan kan mì lórí omi, ẹ̀yìn rẹ̀ tàn yanran. Okùn ọkọ mi wà lófuurufú. Kó kàn sọ ọ́ kalẹ̀ ló kù. Ó wo ẹja. Ó wò mí, èmi tí mo dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n nà láàárín ọjà. Ó sọ ọ̀pá sílẹ̀. Pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú ṣòkòtò, pẹ̀lú fóònù lápò, ọkùnrin náà rìn wọ omi títí ó fi dé e láyà, ó mú wíìgì, ó gbé e sókè orí bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì ń bọ̀.

"Khalas, habibi," ni bàbá olóko wí jẹ́jẹ́. Ó ṣe é láàánú.

"Khalas," ni ọkọ mi dáhùn. Eyín rẹ̀ ń gbá keke. Ó fi wíìgì tó ń ro omi lé mi lọ́wọ́. "Gbà."

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ohun tí mò ń gbàdúrà fún nìyí: kó sọ ẹja sílẹ̀ nítorí mi, kó sì ṣojú gbogbo èèyàn. Ó ṣe é. Ṣé o mọ̀ pé ijó kò wá? Mo rí bó ṣe tún yí ojú padà wo omi, ìwò ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni tí mọ́tò fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Mo tú ìró méjì tí mo fi wé ìkòkò nínú bùútù, mo ní kó bọ́ṣọ tútù, kó ró ọ̀kan. Èkejì, mo fi wé orí.

Bàbá olóko ní èmi kò wọ omi, ẹja tèmi ṣì wà ńbẹ̀ bí mo bá fẹ́, ó sì bá mi so eṣinṣin mìíràn mọ́ okùn tó já. Báyìí ló ṣe di pé ọkọ mi, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, dúró lẹ́yìn ọgbà tó yí adágún ká, nínú ìró olódòdó, ṣòkòtò rẹ̀ ń gbẹ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, tó ń kígbe sí mi.

"Má wo ọwọ́ ẹ, omi ni kó o wò!"

Mo jù ú. Ó bọ́ lulẹ̀ gbì.

"Mọ́mì, ò ń yára! Dúró kó lọ tán!"

Mo tún jù ú. Ó tún bọ́.

"Mọ́mì! Mọ́mì!" Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà, ó lọ sílẹ̀, bí ẹni pé kò mọ ìgbà tó jáde: "Àbẹ̀kẹ́. Dúró."

Ọwọ́ mi dúró. Gbogbo ara mi dúró. Okùn náà lọ sẹ́yìn títí ó fi na tán, mo gbọ́ ọ tó fà mí díẹ̀, bí ẹni fa ọwọ́ aṣọ ẹni. Mo wá tì í síwájú. Ó balẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àṣàkẹ́ wá. Láti ìsàlẹ̀ omi ló ti ń bọ̀, kò yára, ó súnmọ́ eṣinṣin mi títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. N kò rántí ìkòkò mọ́, n kò rántí ata. Mo kàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, Àṣàkẹ́, jọ̀ọ́." Lẹ́yìn ọgbà, ọkọ mi kò mí. Ẹja náà wò ó, ó wò ó. Ó yí ìrù padà. Ó lọ.

Kò lọ jìnnà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni omi ti bú gbàmù, tí ọ̀pá ará Kẹ́ńyà náà tẹ̀ kọrọdọ. Ìgbà tó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹja náà kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń tàn bí àwo fàdákà. Ní etí ẹnu rẹ̀, irun aláwọ̀ wáìnì díẹ̀ ń fì lára ìwọ̀.

"Mama, eṣinṣin ọ̀gá ni o!" ó ní, eyín rẹ̀ gbogbo wà níta. "Shukran, shukran!"

Mo rọra yíjú sí ọgbà.

"Irun mi lo fún un?"

"N kò mọ̀ pé Àṣàkẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!" ọkọ mi pariwo, ọwọ́ kan di ìró mú. "Oṣù mélòó ni mo fi ń kì í! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ!"

Ó yẹ kó o rí ojú rẹ̀. Owú ni, ògidì, bí mo ṣe máa ń rí i nínú dígí tèmi gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ó sì jẹ́ pé ojú tèmi náà kò yàtọ̀ nígbà yẹn, nítorí mo gbọ́ ara mi tí mo ní, "Ẹja wa ni." Ẹja wa! Èmi tí mo gbé ìkòkò wá sísìnkú rẹ̀.

Lójú títì títí a fi wọ Dubai, ará Kẹ́ńyà yẹn ni a fi ẹnu jẹ.

"Ṣé o rí bó ṣe di ọ̀pá mú?" mo ní.

"Bí ìgbálẹ̀."

"Ó ń gbálẹ̀ àgbàlá bàbá olóko ni."

"Fìlà yẹn ńkọ́?"

"Fìlà wo? Mo rò pé àpótí ìkẹ́rù ni."

A rẹ́rìn-ín débi pé ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nínú ìró, tí àwọn onímọ́tò ń wò wá. Lálẹ́, ẹja Títọ́ọ̀sì inú fìrísà ni mo fi ẹ̀fírín sè. Ó dùn. A fi ọwọ́ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, n kò sì pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ̀yin" lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ti ronú sí i dáadáa láti ìgbà náà. Mo máa ń rò pé owú túmọ̀ sí pé kí ó má fẹ́ràn nǹkan mìíràn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ní ohun tó ń mú ọkàn rẹ̀ fò sókè, tí èmi kò sì sí níbẹ̀ láti bá a mí èémí kan náà. Lọ́jọ́ tí a jọ jowú ọkùnrin kan náà, ara tù mí. Báyìí, bí ìgbà òtútù bá dé, àwa méjèèjì là ń lọ. Satwa ti di ọjọ́ mìíràn, télọ̀ ṣì ń rán apá aṣọ kúkurú. N kò tíì mú ẹja kankan tó jọjú. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ti ń dúró, èèyàn kan sì máa ń rán mi létí, kì í sì í pè mí ní Mọ́mì.

Wíìgì náà kò gun orí mọ́. Ó wà lórí tábìlì oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kékeré yẹn, a sì ń gé e díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo máa ń di òwú mú. Ará Kẹ́ńyà pè níjọ́ kan, ó ní ṣé ọkọ mi lè bá òun wá irú eṣinṣin aláwọ̀ wáìnì yẹn, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan. Ọkọ mi wò mí. Mo wo wíìgì, tí irun orí rẹ̀ ṣì tó da adágún mẹ́ta láàmú. Àwa méjèèjì la jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì:

"Ó ti tán o!"